Ikùn Ta Ló Ń Dún?

Gbogbo àdúgbò Chinle ló mọ̀ pé mo mọ ẹṣin dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí Èérú, abo ẹṣin mi, kọ koríko sílẹ̀, tó ń yíjú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì ń fẹsẹ̀ ta ikùn ara rẹ̀, mo ní eṣinṣin lásán ni. Mo bá wọlé lọ jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ẹran àgùntàn, àwo méjì.

Nígbà tí mo jáde, ó ti wà nílẹ̀, ó ń yí gbiri, òógùn bò ó. Láti ìgbà tí orúnkún mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, Èérú ni mo ń gùn da àgùntàn. Bó bá kú, ilé ọmọ mi nígboro ni mo ń lọ nìyẹn, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n títí n ó fi kú.

Lorena, àbúrò mi, fa ẹṣin dìde. Èmi pe Dókítà Tso, dókítà ẹran, tó wà ní ìrìn wákàtí méjì sí wa.

"Ìyá, ẹ gbé etí lé ìhà rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ń dún, ẹ máa mú un rìn, màá dé tó bá dọ̀sán. Bó bá dákẹ́, ìfun rẹ̀ ti dúró nìyẹn, kíá ni màá bọ́ sọ́nà."

Mo gbé etí lé e. Gùúrùrùrù!

"Ó ń dún bí ààrá, ọmọ mi! Má wulẹ̀ sáré!" Mo pa fóònù.

Lorena ń wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúrò lára ẹṣin ná."

Mo sún sẹ́yìn. Gùúrùrùrù!

"Ikùn yín ni! Ẹ̀wà yín ló ń sọ̀rọ̀!" Òun náà gbé etí lé Èérú. Ojú rẹ̀ yí padà. "Kò sí nǹkan kan níbí, ẹ̀gbọ́n. Ó pa lọ́lọ́."

Kíá ni mo tún pè. "Dókítà, máa bọ̀! Èmi ni mo ń dún!"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ikùn tèmi ni! Ti ẹṣin ti dákẹ́! Jọ̀ọ́, sáré!"

Ó sáré lóòótọ́. Ó ti ọ̀pá rọ́bà gba imú Èérú dé inú, ó da òróró sí i, ó gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní ká ní òun dúró dọ̀sán ni, òkú lòun ì bá bá.

Ó ní bó bá ti yàgbẹ́, ewu ti kọjá nìyẹn. Lẹ́yìn náà la dúró, tí a tẹjú mọ́ ìdí ẹṣin bí ẹni ń wo ìran. Nígbà tó yá, Èérú gbé ìrù sókè. Pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀!

Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, n kò pàtẹ́wọ́ fún ìgbẹ́ ìkankan nínú wọn rí. Ti Èérú ni mo jó yí ká, tí mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Dókítà ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti fọwọ́ kàn án. Ó gbóná dáadáa.