Bí Mo Ṣe Tẹ Búláòsì Ọmọ Mi

Ọ̀sán gangan ni mo da tíì sórí búláòsì ṣẹ́dà ọmọ mi. Kí ni mo ń wá nínú ẹ̀? Mo ní kí n kàn wọ̀ ọ́ wò ni. Èmi, tí ọmú mi ti bá ìdodo ṣọ̀rẹ́! Ife tíì wà lọ́wọ́ kan, mo ń fi èkejì wá ihò bọ́tìnnì. Mo fa ikùn sínú, tíì sì dà.

Aṣọ yẹn nìkan ni ọmọ mi ní tó ṣeé wọ̀ lọ síwájú ọ̀gá. Ọ̀la sì ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́ ọ́fíìsì kan. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń nu ilẹ̀ ọsibítù. Orúnkún rẹ̀ ti darúgbó ju tèmi lọ. Iṣẹ́ tí yóò máa jókòó ṣe ló ń wá.

Mo sáré pe alágbàfọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa lórí fóònù.

“Màmá, ẹ má gbo ó o! Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì funfun sábẹ́ ẹ̀, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́.”

“Kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa?”

“Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o, Màmá.”

Mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo tẹ́ búláòsì lé e, mo ká yẹ̀rì sókè, mo di ògiri mú, mo sì gùn ún. Ọ̀tún, òsì. Ọ̀tún, òsì. Bó bá rẹ̀ mí, mo jókòó. Bí mo bá sinmi tán, mo tún dìde. Èmi àti ìdí mi tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, a tẹ̀ ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Orí ẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà tí ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé.

“Màámi, ijó wo lẹ ń jó?”

“Alágbàfọ̀ ló ní kí n tẹ̀ ẹ́.”

“Ọwọ́ ló ní lọ́kàn, Màámi! Ọwọ́!”

Ó fa aṣọ yọ lábẹ́ mi. Abàwọ́n tíì ti lọ ráúráú. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ mi tó ti sán ti fa òwú mẹ́ta yọ níwájú àyà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti bàtà. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

“Ṣé wọ́n á rí i?” mo bi í.

“Ojú mi ni wọ́n máa wò, wọn ò ní wo àyà.”

“Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n, àyà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àárẹ̀ tó jọ ikọ́. Ó mú abẹ́rẹ́, ó ń ti òwú náà padà sẹ́yìn aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì gbọ́, ìkẹta kọ̀.

“Mo máa fi fáìlì mi bò ó láyà,” ó wí, “títí wọ́n á fi ní kí n jókòó.”