Ẹsẹ̀ Méjì Kì í Ṣe Ìbejì

Yàrá náà wọ Olóríkunkun lójú gan-an. Fèrèsé ńlá méjì, tábìlì gígùn, àti ẹ̀rọ tó ń rán awọ, tuntun nínú ọ̀rá. Ọdún kan gbáko ni ilé ìmọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò máa fi yá ẹni tó bá yege ní yàrá náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá rí i gbà, kò níbi tó máa ti ṣiṣẹ́, torí onílé ti fòfin de ariwo òòlù rẹ̀ nínú yàrá ìyá rẹ̀.

Ìyá yẹn kan náà ló sọ ọ́ ní Olóríkunkun, lọ́jọ́ tó fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ tó lọ kọ́ bàtà ṣíṣe. Bàtà tiẹ̀ sì yàtọ̀. Oníbàárà á dúró lórí bébà, Olóríkunkun á fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ ọ̀tún ká, á yí tòsì ká, á wá gbẹ́ igi tó máa rán bàtà lé lórí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló tiẹ̀ sọ pé ẹsẹ̀ méjì dọ́gba? Àìsàn ọmọdé ti mú kí ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ̀ kéré sí ọ̀tún, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló sì fi ń ki àkísà bọ bàtà kan.

Màdáàmù olùdámọ̀ràn ka ìwé tí Olóríkunkun fi béèrè yàrá náà tán. Ọkùnrin méjì jókòó tì í; iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa mi orí sí ohun tó bá sọ.

“Iṣẹ́ rẹ dáa, ọmọ mi, àmọ́ báyìí kò lè tóbi. Pa ìlà tó o ti ní wàá máa wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yìí rẹ́. Gbẹ́ igi ìwọ̀n méje péré, kó o máa fi ṣe bàtà gbogbo ayé. Ẹni tí kò bá bá mu, kó lọ síbòmíì. Fọwọ́ sí i, kó o gba kọ́kọ́rọ́.”

“Ibo ni ibòmíì yẹn wà, mà?”

Olóríkunkun tọrọ àyè, ó jáde lọ bá ìyá rẹ̀ tó sìn ín wá lórí bẹ́ǹṣì ìta, ó ṣàlàyé.

“Fọwọ́ sí i jàre,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ṣé èmi ò ti ń rìn látọjọ́ yìí ni? Gba yàrá ná. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.”

“Màámi, èmi kì í ṣe eku. Èmi ni mo fẹ́ rán awọ ọ̀hún.”

Inú bí i. Kì í ṣe sí ìyá rẹ̀ o; sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ máa ti obìnrin yìí lójú. Ó padà wọlé, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì láìfọwọ́ sí i.

“Ẹ ṣeun fún ìmọ̀ràn, mà. Mo gbọ́. Mi ò gbà á.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn gbàgbé, ó mi orí.

Ẹnu géètì ló yẹ kó ti sunkún. Ibẹ̀ ló tẹ́ bébà sí. “Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wá wo ẹsẹ̀ yín!” Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín kọjá. Ẹ̀ṣọ́ géètì ló kọ́kọ́ dúró, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì fi ìbú àtàǹpàkò kan ju tòsì lọ. Ẹnu ya bàbá náà. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń bá àwọn tó ń ta bàtà jà pé bàtà wọn ń fún òun lẹ́sẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń ké sáwọn èèyàn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, bébà ti kún ilẹ̀, wọ́n fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé wọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Màdáàmù jáde sí wọn, ó dúró lórí ọ̀kan nínú bébà náà. “Ta ló ní kó o jókòó síbí? Ẹlòmíì la máa fún ní yàrá yẹn o!”

Ìyá rẹ̀ fà á láṣọ pé kó bẹ̀bẹ̀. Olóríkunkun kò dìde lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Pẹ́ńsùlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ fún un, mà, ẹ bá mi kí i. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ oníbàárà mi lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn.”