Akika àti Àrùn Kòkó Níwájú Alága

Mo lá àlá kan lóru àná. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ ṣáà mọ akika tí Bàbá Àgbà rà lọ́wọ́ ọdẹ, ẹran onípẹ́ tó ń jẹ èèrà, tó wà nínú àpò lẹ́yìn ilé ìdáná lánàá. Wọ́n fẹ́ sun ìpẹ́ rẹ̀, kí wọ́n da eérú rẹ̀ sídìí kòkó, kí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lè kúrò lóko. Òun ni mo rí lójú àlá. Ó jókòó lórí àga ní ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè odò. Mi ò béèrè ohun tó gbé ọ́fíìsì débẹ̀. Àrùn Kòkó fúnra rẹ̀ jókòó tì í, ó wọ agbádá dúdú.

Alága kan jókòó níwájú wọn pẹ̀lú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹnìkan péré nínú yín ni àyè gbà láyé. Ọmọ mélòó lẹ̀ ń bí?"

Akika ní, "Ẹyọ kan lọ́dún, sà. Ẹ̀yìn mi ló máa ń gùn."

Àrùn Kòkó rẹ́rìn-ín. "Kí òjò kan tó dá, èmi ti di ìyá gbogbo oko."

Alága ní, "Bí ọ̀tá bá dé ńkọ́?"

Akika ní, "Mo máa ń ká kò ni. Ẹkùn ò lè tú mi. Ènìyàn ló kàn ń gbé mi bí àgbọn, á sọ mí sápò."

Àga tí mo jókòó lé bú sẹ́rìn-ín: "Olóríburúkú ẹran!"

Àrùn Kòkó dìde. "Ẹ̀yin àgbà, èmi àti akika ò jà o. Wọ́n ti da eérú bàbá ẹ̀ sí mi lára rí. Mo fi ṣe pọ́dà."

Akika wò mí. "Àwẹ̀ró, o gbọ́. Bá mi sọ ọ́ nílé."

Àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Kí n tó dáhùn, alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti di ewúrẹ́. Alága fi pátákò lu òǹtẹ̀ sí akika níwájú orí. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ẹjọ́ parí, akika ló jẹ̀bi.

"Àwẹ̀ró! Mú ìṣáná wá!"

Bàbá Àgbà ni. Mo jí, mo jáde, mo di ìṣáná mọ́wọ́ lẹ́yìn.

"Bàbá, mi ò rí i. Ẹ jọ̀ọ́, eérú yẹn ò ní—"

"Ta ló bi ọ́ léèrè? Kò burú, ẹyín iná ṣì wà nínú ààrò."

Àpò wà lẹ́sẹ̀ wọn, akika inú rẹ̀ ká kò róbótó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ wa ń jẹ èèpo kòkó dúdú, ó ń mi orí.