Ẹni Tó Ń Jókòó Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Ní Ajah lọ́dún 1982, bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tọ Tájù lọ, kò ní kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kankan. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti ìta wọ inú, á dijú bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa ka ẹ̀ṣẹ̀ yín sí yín létí: ẹ máa ń já wọ kòtò láìtẹ bíréèkì, ẹ máa ń kó ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fẹ́ràn eré àsápajúdé. Ẹ lè jiyàn bí ẹ bá fẹ́. Táyà ti rojọ́ tirẹ̀ tán.

Aláínmẹ́ǹtì ni iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè gún, kó má yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Wọ́n ní ẹ̀rọ ń bẹ ní Èkó tó ń fi iná ṣe é. Tájù kò ní ẹ̀rọ. Irin mẹ́rin ló máa rì mọ́lẹ̀ ní orígun mẹ́rin ọkọ̀, á fa okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja fi ń dẹ ìwọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn lápá méjèèjì títí yóò fi le koko, á wá fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti rímù. Ohun tí ẹ̀rọ Èkó bá rí, okùn Tájù náà á rí i.

Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tó ti lé oníbàárà púpọ̀ lọ. Ó ní ọkọ̀ òfìfo, irọ́ ló ń pa. Bí èèyàn bá wọ inú rẹ̀, ìdí rẹ̀ á rẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì yí padà. Nítorí náà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sínú rẹ̀ nígbà tí òun bá ń wọ̀n ọ́n, ẹni tó sì ń bá a jáde lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ wá jókòó sí àyè tirẹ̀. Kò gba àpò iyanrìn, kò sì gba aṣojú. Alájì kan tó ní ìyàwó mẹ́ta gbọ́ òfin yìí, ó ronú díẹ̀, ó sì rọra gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Tájù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan lásìkò òjò, ọkọ̀ pupa kan wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní ó wọ́, nítorí ikùn rẹ̀ ń ha iyanrìn ni. Ọkọ̀ eré ìje ni, onílẹ̀kùn méjì, wọ́n sì ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ débi pé adìyẹ kò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ni ín ni Bíọ́dún Akínsànyà, ẹnjiníà ní kọ́ńpìnnì tó ń la títì lọ sí Ẹ̀pẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó lọ́yàyà, kò sì jọra rẹ̀ lójú. Ìbá dára fún Tájù ká ní ó jẹ́ agbéraga.

"Ọ̀gá Tájù, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," Bíọ́dún wí. "Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, ìdí ọkọ̀ yìí á máa jó. Last week, ó kù díẹ̀ kó gbé wa wọ inú ẹrẹ̀."

"Ta ló gé sípíríǹgì ẹ̀ kúrú?"

"Àwọn bọ́ìsì kan ní Sùúrùlérè ni. Na style, ọ̀gá."

"Style á pa yín." Tájù bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ra táyà ẹ̀yìn. Orí táyà méjèèjì fara ti ara wọn wọ inú, ẹsẹ̀ wọn yà síta. Inú wọn ti jẹ dé wáyà. Èyí tọ̀tún jẹ ju tòsì lọ. Ó dìde, ó nu ọwọ́. "Ẹnìkan máa ń jókòó tì yín lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà gbogbo."

Bíọ́dún bú sẹ́rìn-ín. "Àh! Táyà ló sọ ìyẹn náà?"

"Ẹ mú un dání lọ́la."

"Kò ní gbà o. Kì í fẹ́ bá mi wá sí apá ibí rárá, mi ò mọ ohun tí Ajah fi ṣe é. Ṣé ẹ ò lè gbé àpò símẹ́ńtì kan síbẹ̀?"

"Ṣé símẹ́ńtì lẹ ń gbé kiri ni? Ẹnjiníà, ẹ gbọ́. Bí ìdí ọkọ̀ yìí bá yí nínú òjò, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbá igi. Bí ẹni yẹn bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ mú un wá. Bí kò bá wá, mi ò fọwọ́ kàn án."

Bíọ́dún ní ó ṣe pàtàkì, pé òun á bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Tájù ṣe fẹnu ara rẹ̀ ránṣẹ́ pe ohun tó máa pa á lẹ́kún.

Tájù náà ní ẹni tó ṣe pàtàkì sí i. Làtífátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Bàbá Sùlè apẹja ní Lángbàsà. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì ti fi nìkáà sí ẹ̀yìn Iléyá, tó ku oṣù méjì péré. Làtífátù wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Òkè-Pópó, ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Tẹ́lẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kì í yẹ̀ ní Sátidé, á fi rán awakọ̀. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí lẹ́tà kò wá mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Tájù ń wojú ara wọn. Òun ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ Làtífátù, pé àsìkò ọdún ni, gbogbo Èkó ló ń ránṣọ. Ó ti kọ́ yàrá méjì, ó ti rẹ́ ẹ, ó sì ti yọ fèrèsé èyí tó tóbi sí apá ọ̀sà, nítorí Làtífátù ní ooru máa ń mú òun. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ ra táyà mọ ìwà onímọ́tò kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ọkọ̀ pupa náà tún dé. Ìlẹ̀kùn ọ̀tún ṣí, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó fi gèlè bo iwájú orí rẹ̀ títí dé ojú. Tájù kò tíì rí ojú rẹ̀ tó fi mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń gbé e lórí iyanrìn bí ọmọ etí ọ̀sà.

"Ọ̀gá Tájù, mo ti mú un wá o!" Bíọ́dún wí tayọ̀tayọ̀. "Ìyàwó mi nìyí. A lọ sí kọ́ọ̀tù lóṣù tó kọjá, ìdáná ló kù. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa, kì í ṣe òun nìkan ló ń jókòó síbẹ̀ mọ́, ẹ fi ti ọmọ kún un!"

Làtífátù kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà," ó wí, bí ẹni tí kò rí i rí.

Sà! Ọkùnrin tó ń pè ní Bọ̀dá mi láti ọdún mẹ́ta. Tájù mú okùn rẹ̀ nílẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ káàárọ̀, madam. Ẹ padà jókòó."

Wọ́n jókòó. Ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀. Tájù fa okùn, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ka nọ́ńbà, ó sì gbàgbé e kó tó dìde. Ó tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó kà á yé ara rẹ̀. Ìgbátí rímù tó kọjú síwájú yà síta ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, nígbà tó yẹ kó wọ inú díẹ̀. Ohun tó ń mú ìdí ọkọ̀ jó nìyẹn. Ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí òun lè gbé e sórí jáàkì, kí òun tú bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó di apá ẹ̀yìn mú, kí òun fi pẹlẹbẹ irin tẹ́ ẹ nídìí títí ẹsẹ̀ á fi padà sí àyè rẹ̀.

Bíọ́dún ní òun fẹ́ lọ wo àwọn òṣìṣẹ́ òun lójú títì, òun ò ní pẹ́. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, Làtífátù bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Tájù sùn sí lábẹ́ ọkọ̀.

"Bọ̀dá Tájù, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà. Ọwọ́ mi ò gbé e ni."

"Oyún yẹn ti tó oṣù mélòó?"

"Mẹ́rin."

Tájù kà á. Lẹ́tà ṣì ń wá ní Sátidé nígbà yẹn. Èyí tó ní kó yọ fèrèsé sí apá ọ̀sà, oyún ti wà níkùn nígbà tó kọ ọ́.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọn ò tíì gbọ́." Ó ń sunkún. "Bíọ́dún náà ò mọ nǹkan kan nípa yín. Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Tájù, ẹ ṣàánú mi." Ó nu ojú, ó wá rọra béèrè, "Ṣé ẹ máa tún un ṣe dáadáa?"

Tájù yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó wò ó lójú. Ẹ̀rù ló rí níbẹ̀. Ẹ̀rù òun Tájù ni, tí kò gbá a létí rí, tí kì í jẹ́ kó fi ọwọ́ kan omi tútù ní àárọ̀ ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù dùn ún, ọ̀rọ̀ oyún dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí gan-an ló já ọkàn rẹ̀ sí méjì.

"Làtí," ó wí, "èmi lo ń bi bẹ́ẹ̀?"

Tájù tún padà sábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ má bi mí bóyá ó rò ó. Ó rò ó. Èèyàn ni. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ kó yà ní ìwọ̀n igi ìṣáná kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Láàárín oṣù kan táyà á tún ti jẹ, wọ́n á tún padà wá, á tún rí Làtífátù. Bí ó bá sì fi sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òjò á bá a ṣe ìyókù. Ó di sípánà mú, epo dúdú ń kán sí i lójú, ó ń sunkún láìpariwo. Ó ní, "Audhubilahi," ó sá di Ọlọ́run lọ́wọ́ Èṣù, ó sì ti pẹlẹbẹ irin náà bọ àyè rẹ̀.

Bíọ́dún padà dé. Wọ́n tún jókòó, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó kù díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ wọ́n kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún gbé jáàkì, kò gbà kó jẹ́ "ó ti tó." Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Jímọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì gún régé. Ó ní kí Bíọ́dún wà á lọ sórí títì ọlọ́dà tuntun, kó yọ ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. Òun dúró sẹ́bàá títì, ó ń wò wọ́n. Omi wà lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ náà sáré gba inú omi yẹn, kò mì, kò yà, ó lọ tààrà títí ó fi kéré lójú.

Ariwo ayọ̀ ni Bíọ́dún fi padà dé. "Ọ̀gá Tájù, ẹ̀yin lọ̀gá gbogbo wọn! Ìgbà wo ni ká padà wá kí ẹ tún un wò?"

Tájù wo ọwọ́ ọ̀tún. Làtífátù tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀.

"Ẹ wá sípíríǹgì tó gùn sí i kí ọmọ tó dé," Tájù wí. "Ẹnikẹ́ni ní Èkó lè fi í sí i fún yín, mo ti kọ nọ́ńbà tí wọ́n máa wọ̀n sínú ìwé yìí. Ẹ ò nílò àti padà wá sọ́dọ̀ mi mọ́."

Bíọ́dún dúpẹ́ títí. Wọ́n lọ. Tájù kò lè lọ kí Jímọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí iyanrìn níbi tí ọkọ̀ ti kúrò, ó sì sunkún bí ọmọdé títí àwọn èèyàn fi ti mọ́ṣáláṣí dé.

Nínú gbogbo ọkọ̀ tí Tájù tún ṣe láyé rẹ̀, kò sí èyí tó gún tó ìyẹn. Wọn ò padà wá mọ́.