Ibi Tí Ikùn Ọkọ̀ Kò Ti Dáhùn

Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Wúràọlá kò ti lè jókòó lójú kan. Ó gbálẹ̀ àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó gbé omi kaná, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó sì tún gbé e sọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá kọjá níwájú àtíbàbà onípáànù tó wà lẹ́yìn ilé, ojú rẹ̀ á yà síbẹ̀, á sì yára gbé e kúrò, nítorí abẹ́ àtíbàbà náà ni ọkọ̀ wà. Bí ilẹ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, yóò sì sá eré tí agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá gbé lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá. Wúràọlá nìkan ló mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ya mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ọláyọdé ni ẹ̀gbọ́n náà. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Òyìnbó, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi fọ́nrán káábọ̀nù ṣe ara ọkọ̀ ìdíje. Fọ́nrán náà tín-ín-rín ju irun orí lọ. Wọ́n á hun ún bí aṣọ, dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n á sì fi oje kan tó ń fà bí àtè rẹ ẹ́. Bí oje náà bá gan, aṣọ yẹn á le ju páànù lọ, síbẹ̀ ọmọdé á lè gbé e. Nígbà tí Ọláyọdé padà sí Ìlá lọ́dún tó kọjá, àwọn ará àdúgbò ń retí pé jíìpù ni yóò wà wọlé. Ìdì aṣọ dúdú, ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fa afẹ́fẹ́, àti ìwé fífẹ̀ tó kún fún àwòrán ni ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

Ọkọ̀ tó fẹ́ ṣe kò ní férémù irin. Ohun kan ṣoṣo ni yóò di gbogbo rẹ̀ mú, ohun tí gbogbo ilé ń pè ní ikùn: ilẹ̀ ọkọ̀, ìjókòó méjì, ẹ̀gbẹ́ àti ògiri ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ lódindi, láìsí oríkèé. Ẹsẹ̀ iwájú á de mọ́ ọn níwájú, ẹ́ńjìnì alùpùpù ńlá kan á de mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọláyọdé kórìíra ìwúwo bí àgbẹ̀ ṣe kórìíra ọ̀yà. Ó lu ihò sára pẹ́dàlì kí irin rẹ̀ lè dín kù. Ó ń wọn bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n tí ìyá wọn fi ń wọn ìyẹ̀fun nígbà ayé rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú èédú. Ìyá Àsíìsì, aládùúgbò wọn, ní òun ti rí ọkọ̀ tí kò ní búréèkì rí, òun kò tíì rí èyí tó ń gbààwẹ̀. Ó ní bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá dé kí wọ́n so ó mọ́ igi bí ewúrẹ́.

Bàbá wọn, Gabriel Oyèdọ̀tun, ni ọ̀rọ̀ ìwúwo náà kọ́kọ́ yé. Adẹ́mu ni, ọ̀pẹ ọ̀nà Ọ̀rà ló ti ń dá láti nǹkan bí ogójì ọdún. Igbà, ọ̀bẹ àti akèrègbè nìkan ló ń gbé gun òkè. "Ohun tí o kò bá ní lò lókè, má gbé e kúrò nílẹ̀," ni ó sọ lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ wo àwòrán náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ikùn. Wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú náà sínú mọ́ọ̀dù tó ní ìrísí ikùn, ní ìpele mẹ́jọ, ọ̀kan lóòró, ọ̀kan níbùú, ọ̀kan ní ìdágẹ̀rẹ́, kí ó lè lágbára níhà gbogbo. Wúràọlá ló ń po oje, Ọláyọdé ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọ̀rá fífẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọ́n lẹ etí rẹ̀ pa, wọ́n sì tan ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ náà á fa ọ̀rá mọ́ aṣọ, á sì tẹ ìpele mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ra wọn títí oje yóò fi gan. Ó ní aago kékeré kan lára, abẹ́rẹ́ kan sì wà nínú aago náà.

Ọláyọdé fẹ́ dé Òkè-Ìlá lọ gba irin tí ó ní kí wẹ́dà kan jó fún òun. Ó di apá àbúrò rẹ̀ mú.

"Wúrà, wákàtí mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ yìí kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà. Bó bá ti sún, afẹ́fẹ́ ti wọlé nìyẹn, àwọn ìpele yìí ò sì ní di ara wọn mú."

"Mo ti gbọ́, Bọ̀dá."

"Epo wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Máa wo jẹnẹrétọ̀."

Ó sì wò ó, fún wákàtí méjì àti díẹ̀. Àmọ́ ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí Mísísì Bọ́láwùmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, yá a, tí ó gbọ́dọ̀ dá padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nínú ìwé náà, ọmọbìnrin kan ń sá kúrò nílé ọkọ, ó ti dé etí odò, ọkọ̀ ojú omi kò sì sí níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù. Wúràọlá gbé àpótí sún mọ́ ìdí igi káṣú kí ó lè gbọ́ ohun tó ń kà. Nígbà tó yá, ayé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó ti wá.

Ìgbà tí ọmọbìnrin inú ìwé gúnlẹ̀ sí òdì kejì ni òun náà gbé orí sókè. Epo ti tán. Abẹ́rẹ́ aago ti sùn sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀rá náà ti dẹ̀, ó sì wú sókè níbì kan, lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ lápá òsì, bí ara tí omi gbígbóná jó.

Ó da epo sí i, ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó dáhùn. Abẹ́rẹ́ gòkè padà. Ọ̀rá náà tẹ́, ibi tó wú náà pòórá. Nígbà tí Ọláyọdé dé, tí ó bi í bóyá gbogbo nǹkan lọ dáadáa, ẹnu Wúràọlá ti dáhùn kí ó tó ro ohun tí yóò sọ.

"Kò sí nǹkan kan, Bọ̀dá."

Ikùn jáde lọ́jọ́ kejì, ó ń dán bí ojú kànga. Wọ́n gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó, kílò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wọ̀n. Ìyá Àsíìsì gbé e rù, ó sì fi yí àgbàlá ká, ó ní kí wọ́n bá òun wá ẹni tí yóò ra agbada. Ọláyọdé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ta ni yóò la ẹnu sọ̀rọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Kò sì sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta, kò sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé nígbà tí abẹ́rẹ́ ti padà, afẹ́fẹ́ náà ti jáde nìyẹn. Ó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun. Nígbà tí wọ́n de ẹ́ńjìnì mọ́ ọkọ̀, ó rí i pé bọ́ọ̀tì kan wọlé sí ibi tó wú yẹn gan-an, ní ọ̀gangan ẹ̀yìn ẹni tí yóò wà á. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti wọlé fún un dáadáa mọ́. Ní Ọjọ́rú, ó gbé oúnjẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Fóònù dún mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn olówó tó ń bọ̀ láti Èkó wá wo eré ọkọ̀ náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni. Bí wọ́n bá rí i tí ọkọ̀ náà sáré, wọn yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ fún un kí ó ṣe mẹ́wàá irú rẹ̀, ní Ìlá níbí. Ọláyọdé gbé fóònù sílẹ̀, ó sì sọ fún un pé orúkọ ìyá wọn ni òun yóò kọ sí imú ọkọ̀ náà. Wúràọlá kó àwo, ó sì jáde.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà, ó ń ṣa akèrègbè. Bí ọyẹ́ bá ti mú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn adẹ́mu máa ń ṣe. Akèrègbè lè sán nínú kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa dán, bó bá sì là mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lókè ọ̀pẹ, ìjayà rẹ̀ lè mú kí ọwọ́ yẹ̀ lára igbà. Nítorí náà, wọ́n á fi oríkèé ìka kàn án yíká. Èyí tó dára á dáhùn. Èyí tó sán, ohùn rẹ̀ á kú. Wúràọlá ti mọ̀ ọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́fà.

Èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Bí Bàbá bá fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, Bàbá ni yóò sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi òun ní nǹkan kan.

Ó wọ abẹ́ àtíbàbà. Ó kan ẹ̀gbẹ́ ikùn, ó dún kọ́. Ó kan ilẹ̀ rẹ̀, ó dún kọ́. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ lápá òsì, ó sì kàn án. Pọ̀.

Bàbá kò gbé orí sókè. "Tún un kàn."

Ó tún un kàn.

"Ìyẹn ti sán nínú."

"Ṣé lóòótọ́, Bàbá?" Ó ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. "Ẹ ò ṣe sọ fún Bọ̀dá."

Bàbá gbé akèrègbè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mẹ́rìnlá ni mo ti kàn láti òwúrọ̀. Kò sí èyí tí n kò kàn yíká kí n tó mọ ibi tó sán. Ìwọ kan ọkọ̀ tó tó báyìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, o sì lọ síbẹ̀ tààrà. Ta ló fi ibẹ̀ hàn ọ́?"

Wúràọlá di ọ̀pá àtíbàbà mú. Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun sọ ọ́.

"Èmi kò sí níbẹ̀," ni Bàbá wí. Ó mú akèrègbè mìíràn. "Ẹ̀gbọ́n rẹ wà níwájú ilé. Lọ."

Ọláyọdé ń fọ táyà. Wúràọlá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìmí: ìwé, igi káṣú, epo, ọ̀rá tó wú. Ó ń dúró de ìgbájú. Ọláyọdé kò yí padà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì yọ owó ẹyọ Òyìnbó kan jáde nínú àpò.

"Èyí ni mo fi ń kan iṣẹ́ wa níbi tí mo ti bọ̀. Mo kan tiwa náà lọ́jọ́ Ajé. Mo gbọ́ ọ." Ó ń yí owó náà láàárín ìka. "Mo ní bóyá oje ló pọ̀ jù níbẹ̀. N kò tún kàn án mọ́."

"Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ̀rọ fi dákẹ́, Wúrà?" Nísinsìnyí ló yí padà. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. "Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, kò burú. Oje ò tíì gan nígbà yẹn. Bó jẹ́ mẹ́wàá pàápàá."

Ó rọrùn láti sọ mẹ́wàá. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ mẹ́wàá. Wúràọlá rántí ojú ewé tó wà nígbà tí ariwo ń dún, ó sì rántí ojú ewé tó wà nígbà tó gbé orí sókè.

"Orí méjì ni mo kà, Bọ̀dá. Ó tó àádọ́ta ìṣẹ́jú."

Ọláyọdé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú omi tó fi ń fọ táyà.

Ó pe àwọn ará Èkó kí oòrùn tó wọ̀, ó ní ọkọ̀ náà kò ní lè sáré lọ́jọ́ kejì mọ́. Wọ́n ní kò burú, àwọn yóò pè é padà. Títí di òní, wọn kò tíì pè.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní wákàtí tó yẹ kó wà lójú ọ̀nà, ó ti tú ẹ́ńjìnì, ó sì fi ayùn gé ikùn sí méjì. Ìyá Àsíìsì ti wọ aṣọ ọdún rẹ̀ wá wòran. Ó dúró wo eruku dúdú náà, ó ní òun kò mọ̀ pé ọdún Iléyá ti dé tí wọ́n fi ń pa ọkọ̀. Nígbà tó rí ojú wọn, ó lọ bu omi wá fún wọn.

Ọláyọdé ki ojú ọ̀bẹ bọ ibi tí bọ́ọ̀tì gbà wọlé. Kò fi agbára ṣe é. Ọ̀bẹ náà wọlé títí dé èèkù, àwọn ìpele náà sì ṣí kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìwé tí òjò pa. Ó dúró, ó ń wo ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ì bá fara tì. Bàbá, tó ti múra oko, wá wò ó, ó fi ọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé igbà kọ́ èjìká.

Aṣọ dúdú tó kù lè tó ikùn kan péré. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí Ọláyọdé tó tẹ́ ẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, ọ̀rọ̀ tí ó bá Wúràọlá sọ kò ju mú èyí wá, gbé ìyẹn kúrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ, kò lọ síbì kankan. Ó gbé àga síwájú ẹ̀rọ, ó sì jókòó tì í. Kò sọ fún Wúràọlá pé kó jókòó, kò sì lé e. Wúràọlá gbé àpótí rẹ̀ wá sí òdì kejì. Kò mú ìwé dání. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, orí ń fọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dìde lọ wo epo, ó ń padà wá.

Ní nǹkan bí wákàtí kẹrin, Ọláyọdé dìde. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ìdí igi káṣú, ó sì wo àbúrò rẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ tọ̀," ni ó wí. "Bá mi wò ó."

Ó lọ. Wúràọlá fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ títí orúnkún rẹ̀ fi kàn án. Ó gbé ojú lé abẹ́rẹ́ náà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, kò sì ṣẹ́jú.