Wákàtí Mẹ́ta Fún Pẹ́pẹ́yẹ Odò

Mo lá àlá kan ní ìdájí òní. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí Bàbá Fádèyí tó tú okùn ọkọ̀ tán, nítorí àlá náà ló gbé mi dé èbúté yìí, ẹ sì ń wò mí bí ẹni tó ti ọ̀run dé.

Mo jẹ̀bi. Ọyẹ́ mẹ́fà ni mo fi pa yín tì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin wa: a kì í bi ọdẹ pé níbo ló ń lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í lẹ́nu ọ̀nà, ìrìn ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Yóò padà wọlé, yóò gbé ìbọn kọ́, ó di ọjọ́ mìíràn. Àgbàlagbà mọ̀, kò ní í béèrè. Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún ọmọ ọdún méjì tó di ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú? Ní ọyẹ́ tí Móradékẹ́ àkọ́bí mi ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n kí ìyá rẹ̀ lè rí oorun sùn. Nígbà tí ọyẹ́ kejì dé, ó ti mọ ọ̀rọ̀ kan sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ni "níbo?" Mo gbé àpò kọ́ èjìká, ó bi mí, mo padà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kí òun tó gbọ́n tó láti dákẹ́, Àrẹ̀mú àbúrò rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ìbídùnní tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kò tíì lè sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú lásán ló fi ń béèrè.

Lámídì, má rẹ́rìn-ín. Ọmọ tìrẹ ti dàgbà ni.

Ẹ mọ̀ pé n kì í fi nǹkan ṣòfò, àgàgà àkókò. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ láti ilé, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń kó ìwé wá fún mi lóṣooṣù, mo kọ́ bí a ṣe ń fi rúlà pín ọjọ́ sí wẹ́wẹ́. Títí di òní, ìwé ètò ọ̀sẹ̀ wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Àárọ̀ Àbámẹ́ta: aṣọ ọmọ ní fífọ̀, èékánná ọmọ ní gígé, ilé adìẹ ní gbígbá. Kò sí àlàfo kankan níbẹ̀ tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ni Bàbá Fádèyí ránṣẹ́ sí mi. Ẹ mọ̀ pé àbúrò bàbá mi ni, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn tó kọ́ mi ní omi. Ó ní pẹ́pẹ́yẹ odò ti dé sí àbàtà Oníyanrìn. Ó ní ojú òun ti ń ṣú. Ọdún yìí, òun ṣì lè rí wọn bí wọ́n bá fò kọjá lójú sánmà. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, súfèé wọn nìkan ni yóò kù fún òun. Ó ní kí oòrùn Àbámẹ́ta tó ga òun yóò ti ọkọ̀, òun kò sì ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹjú mọ́ ìwé ètò mi, tí mo ń wá wákàtí mẹ́ta péré. N kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sùn ní àná.

Nínú àlá náà, mo dìde, mo na ọwọ́ sí ṣakabùlà lára ògiri. Ìbọn náà yán. Ó ní, "Bàbá Móradékẹ́, ṣé ẹ ti gba ìwé?"

Mo ní ìwé wo? Ó ní ìwé àkókò ni, pé òun kò lè bá mi jáde láìsí òǹtẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé ìbọn yẹn ní ìwà.

A gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹ̀yìnkùlé ti di àbàtà. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan léfòó lórí ewé òṣíbàtà láàárín omi, pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀, àsíá rẹ̀ àti pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a má ti ilé yìí sí ìsàlẹ̀ odò. Àwọn bàbá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tò síwájú fèrèsé náà, omi dé orúnkún wọn, olúkúlùkù fi ọ̀já pọn ọmọ. Mo kí ẹni tó wà níwájú mi. Ó ní òun ti wà lórí ìlà láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀yìn òun ti ń mu ọmú. Ọmọ náà yọrí láti èjìká rẹ̀, ó kí mi. Ó ti hu irùngbọ̀n. Mo ní ó kú ìnira.

Nígbà tó kàn mí, akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé bi mí pé wákàtí mélòó. Mo ní mẹ́ta. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó gé apá rẹ̀ kan fún mi. Ó ní ṣé n kò lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe é, àwọn ẹlòmíràn ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe é. Mo ní pẹ́pẹ́yẹ kì í wo aago. Ó mí kanlẹ̀, ó na fọ́ọ̀mù sí mi.

Wọ́n ti kọ orúkọ àti ọjọ́ orí mi sórí rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: *Níbo ni o ń lọ?*

Mo dúró. Bí mo bá dáhùn, ìrìn bàjẹ́. Bí n kò bá dáhùn, kò sí ìwé. Mo ṣàlàyé fún akọ̀wé náà pẹ̀lẹ́tù pé ọdẹ ni mí, a kì í bi ọdẹ. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ ohun mìíràn sí i, bóyá orúkọ ìyá mi. Ó ní òun kò láṣẹ, àfi ọ̀gá. Ó fọn fèrè pe ọ̀gá.

Ọ̀gá jókòó ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, ó dìde, ó ń bọ̀. Nígbà tó fi máa rìn dé ìdajì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn. Ní ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwo yọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, òbúkọ ni, ṣùgbọ́n kò bọ́ táì. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Táì náà mọ́, ó sì so ó dáadáa. Ó gba fọ́ọ̀mù mi, ó kà á ní ìkàtán, ìyẹn ni pé ó jẹ ẹ́.

Ó ní, "Orúkọ rẹ dùn. Ọjọ́ orí rẹ náà kò burú. Ibi tí o ń lọ ni kò ní iyọ̀."

Mo ní, "Ọ̀gá, n kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ ni."

Ó ní, "Mo tọ́ ọ wò."

Kí n tó yíjú, gbogbo akọ̀wé ti di ewúrẹ́. Wọ́n ń jẹ fáìlì, wọ́n ń jẹ ìwé ọ̀rọ̀ ìkíni, ọ̀kan ń jẹ kàlẹ́ńdà láti oṣù Ọ̀pẹ bọ̀ sẹ́yìn. Inú bí mi gan-an. Pé wọ́n di ewúrẹ́ kọ́ ló bí mi nínú. Ewé tútù wà lórí omi lọ́tùn-ún lósì, kí ló dé tí wọ́n ń fi ìwé tó mọ́ ṣòfò? Mo sọ ọ́ fún wọn. Òbúkọ kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.

Ìgbà yẹn ni àpò ọdẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹkún ebi ni. Bàbá ọlọ́mọ kì í ṣì í mọ̀. Mo gbé e jó díẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tí mo tú u, kò sí ẹ̀tù ìbọn nínú rẹ̀. Agolo pọ́dà ọmọ ló wà níbẹ̀. Mo rò ó pé ọdẹ kì í pàdánù àárọ̀ nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ki pọ́dà sínú ìbọn, mo yìn ín sókè. Ìbọn sín lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ní, "Ẹ ti jẹ́ kí n máa rùn bí ọmọ tuntun. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo pẹ́pẹ́yẹ?"

Pọ́dà náà kò wálẹ̀. Ó tàn káàkiri títí tó fi bo ilé iṣẹ́, ó bo ewúrẹ́, ó bo àwọn bàbá lórí ìlà, ó wá di ìkùukùu ọyẹ́. Mo sì mọ ìkùukùu náà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà létí odò yìí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìkùukùu ló jọra. Èyí tí mo ń wí yìí, òórùn eèsún tútù wà nínú rẹ̀, àti ti àkàrà àná tí a fi ewé wé. Ó ń mú kí ètè sán, kí bàbá ẹni sì fi ìka kan tó le bí èèpo igi pa òrí sí i.

Mo gbọ́ àjẹ̀ nínú omi. Ọkọ̀ kan yọ.

Bàbá mi ló wà nínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí a ti sin ín, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yẹn, mo ti dàgbà jù ú lọ. Irun rẹ̀ dúdú kirimú. Bọ́tìnnì kejì ẹ̀wù rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bó ṣe wà láyé. Láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún kan jókòó, ó dé fìlà tó bò ó lójú dé imú. Mo mọ fìlà náà. Mo mọ ọmọ náà.

Súfèé bẹ̀rẹ̀ lókè. Ẹ mọ bí pẹ́pẹ́yẹ odò ṣe máa ń ṣe é, bí ẹni tó ń pe ará ilé rẹ̀ láti òdì kejì omi, tí kò kánjú, tó mọ̀ pé wọn yóò dáhùn. Bàbá mi kò gbójú sókè. Ó fi ìka lu orúnkún ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Mo ti gbàgbé ìyẹn. Mo ti gbàgbé pátápátá pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ fún mi pé òun fẹ́ yìnbọn.

Mo wọ́ omi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń rí ilé jáde? Ṣé n kì í bi yín ni?"

Ó ní, "O kì í bi mí kẹ̀? Ọyẹ́ mẹ́rin gbáko ni o fi dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ rò pé mo ti fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé o fẹ́ ya ẹnu. Mo yára bi ọ́ kí o tó bi mí. Mo ní, níbo là ń lọ?"

"Kí ni mo sọ?"

"O kò mọ̀ ọ́n. O lọ gbé fìlà mi."

Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé èmi ni mo bẹ bàbá mi kí ó mú mi lọ. Mo sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un nínú àlá náà pé kó má bínú, mo fẹ́ di ọkọ̀ mú, mo fẹ́ wọlé. Òbúkọ onítáì ló yọ nínú ìkùukùu, tó ní kí a kọ ibi tí à ń lọ kí ó tó jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá. Bàbá mi sún fún un bí ẹni tó ń sún fún àlejò. Òbúkọ wọlé, gbogbo ewúrẹ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú fáìlì wọn. Ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omi ru wọlé, ó dé àyà mi, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo rò ó pé omi ọyẹ́ kì í lọ́wọ́ọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo lajú. Ìbídùnní jókòó sí mi láyà. Ó ti tọ̀ sí mi lára dé ọrùn. Ó ti fa ìwé ètò ọ̀sẹ̀ já lára ògiri, ó ń jẹ ẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ọ̀gá tó ń ka fọ́ọ̀mù. Mo ki ìka sí i lẹ́nu kí ìwé má baà há a lọ́fun. Èyí tí mo fà jáde tutù rinrin, ṣùgbọ́n mo ṣì lè kà á. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni.

Ìyá rẹ̀ ti jí. Ó wo ìwé náà, ó wò mí, ó gba ọmọ. Kò béèrè nǹkan kan; ọmọ ọdẹ ni òun náà. Ó kàn ní, "Bàbá Móradékẹ́, Àrẹ̀mú kò ní í pẹ́ jí o."

Mo pààrọ̀ ẹ̀wù. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo yọ́ rìn. Móradékẹ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà nínú aṣọ oorun rẹ̀. Ó wo ìbọn. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí.

Mo ní, "Móradékẹ́, níbo là ń lọ?"

Ó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó wọ yàrá, ó sì jáde pẹ̀lú fìlà mi. N kò sọ fún un pé kó gbé e.

Òun lẹ ń wò nínú ọkọ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Fádèyí. Ẹ gbọ́ wọn: ó ń júwe ẹyẹ fún un, ó ní méje ni wọ́n, ó ní wọ́n ń bọ̀ láti ọwọ́ igi gbígbẹ yẹn. Bàbá ń mi orí, ó yí ojú sí ibi tó júwe. Mo ti kọ́ ọ lójú ọ̀nà pé bí mo bá fi ìka lu orúnkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó di etí.

Bàbá Fádèyí ti tú okùn tán. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ bi mí léèrè.