Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè

Àwa méjì péré ni ẹgbẹ́ wa ní láàárín kánsẹ́lọ̀ mọ́kànlá: èmi aránṣọ, àti Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Òfin ìpàdé ni pé bí ẹnì kan bá dá àbá, tí ẹlòmíràn kò kín in lẹ́yìn, àbá náà kú síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kín Tíṣà lẹ́yìn, tí òun náà ń kín mi. Ó ti mọ́ mi lára débi pé n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán mọ́. Bó bá ti jókòó, ọwọ́ mi ti dé òkè.

Lọ́jọ́ yẹn, mo ń rán etí aṣọ ọmọ tuntun lábẹ́ tábìlì. Oyún ọmọ mi obìnrin ti pé oṣù mẹ́jọ, ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa ló sì fẹ́ bímọ sí, níbi tí mo bí òun náà sí. Ẹgbẹ́ ńlá, tó ni kánsẹ́lọ̀ mẹ́sàn-án yòókù, ti ń wá bí wọ́n ṣe máa tì í pa, ṣùgbọ́n ìbò ń bọ̀ lọ́nà, kò sí ìkankan nínú wọn tó fẹ́ kí orúkọ òun wà lórí àbá náà. Ojo ni gbogbo wọn.

Tíṣà dìde. Mo gbọ́ "ilé ìgbẹ̀bí," mo rò pé ó ń gbèjà rẹ̀ ni. Ó jókòó. Mo nawọ́.

"Mo kín in lẹ́yìn!"

Akọ̀wé wò mí. "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

Inú bí mi. "Ìgbà wo ni kì í dá mi lójú? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, jàre!"

Ìgbà tó kà á jáde ni mo tó gbọ́ ọ: kí wọ́n ti ilé ìgbẹ̀bí náà kí oṣù tó parí.

"Tíṣà! Kí lẹ fi mí ṣe yìí?"

Kò lè wojú mi. "Ẹgbẹ́ ńlá ní màá di alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ bí mo bá lè dá a lábàá. Mo rò pé ẹ máa jókòó jẹ́ẹ́ ni, kí ó kú, kí n lè sọ pé mo gbìyànjú."

Mo bẹ̀bẹ̀, mo bú wọn. Ẹyin lohùn. Olórí ìpàdé ní ohun tó ti wọ̀wé kò ṣe é yọ mọ́. Wọ́n dìbò: mẹ́sàn-án sí méjì. Tíṣà bá mi dìbò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Ojú tì mí, n kò lè sọ ọ́ nílé. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ mi ti àyẹ̀wò dé, ó di ikùn rẹ̀ mú.

"Màmá, wọ́n fẹ́ tì í. Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó dábàá mọ́ ilẹ̀kùn, mo sì rí tiyín. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹlòmíràn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó wò mí. "Àbí irọ́ ni mo pa?"